Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Owó Ẹni Tó Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la gẹdú gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún ọkọ mi níbi iṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Wẹ́sílì ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ fún wa ní ₦20,000, ó ní ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ṣé ó parí lóòótọ́? (Ìyá Ìbejì, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Kò tíì bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi. ₦20,000 yẹn, owó ọbẹ̀ ni. Láti ọdún 2010 ni òfin ti wà pé kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san sí àpò NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Àpò yẹn ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa, tí wọ́n sì ti ń san owó ìpalára fún un.

Ọjọ́ ni kí ẹ ṣọ́. Láàárín ọjọ́ 14 sí ìgbà tí èèyàn fara pa ló yẹ kí ọ̀gá ti gbọ́. Ọjọ́ 7 lòun náà ní láti fi tó NSITF létí. Ọ̀gá yín ò lè ní òun ò gbọ́. Ta ló ń fúnni lówó lórí ohun tí kò gbọ́? Síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, ẹ̀rọ wo, àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bó bá kọ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pẹ̀lú. Kó tó pé ọdún kan tó fara pa, kí fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń béèrè owó ti dé NSITF, tòun ti ìwé dókítà.

Ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá ni wọ́n ń san ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún. Ti ọkọ yín ò tó ìyẹn. Bí dókítà bá ṣe wọn ìpalára náà ni wọn yóò ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹ má tíì fi jẹ gbèsè o.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ò lè rìn láti kékeré. Arákùnrin kan ń gba ₦5,000 fún fọ́ọ̀mù owó oṣooṣù àwọn aláàbọ̀ ara. Ṣé kí n san án? (Bàbá Ṣadé, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án, bàbá. Òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 kò ṣètò owó oṣù fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó sọ ni pé a ò gbọdọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, àti pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹ fi ₦5,000 yẹn ra ìwé fún ọmọ.