Ọ̀rọ̀ tó ń sọ síni lọ́kàn nínú mọ́tò: báwo la ṣe ń mú un sínú fóònù?

Ìbéèrè: Alága ìjókòó ni mí, Ìbàdàn ni mo ń gbé. Inú mọ́tò tàbí ìdí ààrò ni orin àti àwàdà tí mo fẹ́ lò lóde ti máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Kí n tó ṣí fóònù, kí n tó wá ibi tí màá kọ ọ́ sí, ó ti lọ. Áàpù mẹ́ta ló wà lórí Android mi, mi ò sì í rántí èyí tí mo kọ nǹkan sí. Èwo ni kí n dì mú? Dátà kì í fìgbà gbogbo wà o.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Alága. Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi á mú Google Keep: ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ láìsí dátà, tí dátà bá sì dé, á kó o lọ sínú àkáǹtì Google yín. Bí fóònù bá wá sọnù lóde ìyàwó, ẹ ó bá a lórí òmíràn.

Ṣùgbọ́n áàpù kọ́ ni wàhálà yín, bí ọ̀nà débẹ̀ ṣe jìn ni. Ẹ tẹ ojú fóònù mọ́lẹ̀ níbi tí kò sí nǹkan kan títí «Widgets» á fi yọ. Ẹ wá Keep níbẹ̀, kí ẹ fa èyí tó ní àmì gbohùngbohùn wá sójú ewé àkọ́kọ́. Ìka kan ti tó nìyẹn.

Ohùn ló máa rọ̀ yín lọ́rùn jù nínú mọ́tò. Àmọ́ gbohùngbohùn Keep ò ní sùúrù: tí ẹ bá dákẹ́ díẹ̀ láti ronú, á rò pé ẹ ti parí, á sì kú. Ọ̀rọ̀ ló sì ń gbọ́, kì í ṣe orin. Agbohùnsílẹ̀ tó bá fóònù wá ni kí ẹ kọrin sí, tàbí kí ẹ rán fóìsì nóòtù sí ara yín lórí WhatsApp. Láti 2022 ni wọ́n ti fi àyè ìyẹn sílẹ̀. (Kí ẹ ṣáà má ṣì í rán sínú gúrúùpù ẹbí ọkọ!)

Ẹ má sì gé ọ̀rọ̀ kúrú jù. «Àwàdà ìdọ̀bálẹ̀» kò ní yé ẹ̀yin fúnra yín mọ́ tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an, àti ibi tó ti máa wọlé: «Tí ọkọ bá dọ̀bálẹ̀ tán: Ẹ bá mi wo àyà rẹ̀, ṣé ó kanlẹ̀ àbí ó ń ṣọ́ aṣọ?» Èyí tí ẹ máa lò lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tẹ àmì píìnì tó wà lókè rẹ̀, kó lè máa wà lókè pátápátá. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pa ìpè, torí bí ẹnì kan bá pè yín lẹ́nu ọ̀rọ̀, orúkọ rẹ̀ lẹ máa rí lójú fóònù dípò àwàdà.