Ẹ ṣí ẹnu màlúù kí ẹ tó ṣí àpò: èsì fún ẹni tí ó fẹ́ máa sin màlúù nílé láti òkè òkun

Mo kí yín o. Ìbéèrè yín ni pé ẹ wà ní òkè òkun, ẹ ti ní ilẹ̀ àti omi nílé, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tí ó sàn jù: kí ẹ ra abo màlúù, kí ẹ máa tọ́ ọmọ tí wọ́n bá bí títí yóò fi tó tà fún alápatà, tàbí kí ẹ máa ra ẹgbọ̀rọ̀ màlúù wọlé, kí ẹ bọ́ wọn sanra, kí ẹ sì tà wọ́n. Ẹ ní àbúrò yín ń sọ pé ríra ló yá, ìyàwó yín sì ń sọ pé ọmọ títọ́ ló lérè. Bí mo ṣe kà á, ńṣe ni mo rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ ìyá mi, tí a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fìdí kalẹ̀ sí. Ẹni tí kò sí nílé, kí ó fi ríra bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì tíì dán ọmọ títọ́ wò títí tí yóò fi ní ẹni tí ó ń sùn sí ọgbà ẹran ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi ríra yẹn náà ni èmi ti jìn sí kòtò, ìdí sì nìyí tí èsì mi yóò fi gùn díẹ̀. Ti ọgbà yíyí ká, ti kànga àti ti ilé tí ẹran yóò máa sùn, n kò ní sọ ohunkóhun nípa wọn, nítorí wọn kò fún mi ní wàhálà. Àwọn ará ilé yín yóò ṣe é.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, owó màlúù 12 ni mo fi ránṣẹ́. Alágbàtà kan tí ẹbí wa kan mọ̀ ni ó kó ẹran náà wá, ó sì ní ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, mo rí ẹran kéékèèké tí wọ́n rù díẹ̀, mo sì sọ fún ara mi pé rírù yẹn gan-an ni èrè wa, torí ẹran tí ebi ti pa rí, bí ó bá rí oúnjẹ, a máa yára dàgbà ju èyí tí ó ti ń jẹ àjẹyó lọ. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe àròsọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ẹran tí ó rù yàtọ̀ sí ẹran tí ó ti gbó sí kékeré.

A bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n máa fi téèpù àwọn aránṣọ wọn àyà wọn yí ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú gẹ́rẹ́, ní oṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù 4, àwọn kan ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 130 dé 148, inú mi sì dùn. Ṣùgbọ́n méje nínú wọn wà ní 132, wọ́n dé 135, wọ́n sì dúró síbẹ̀ bí òkúta. Mo bá ọmọ ìyá mi jà. Mo ní ó ń ta oúnjẹ ẹran ni. Ó ní kò ta nǹkan kan, ó ní mo jókòó sí òkè òkun mo ń pè é ní olè. Ìyá wa dá sí i, kò yanjú. Mo fi ìsinmi ọdún mi wọ ọkọ̀ òfurufú, torí màlúù méje.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, a mú bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti ṣe darandaran rí dání lọ sí ọgbà. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ki ìka méjì bọ ihò imú èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó sì fi àtàǹpàkò fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Eyín mẹ́jọ ni ó tò síbẹ̀, gbogbo wọn fẹ̀, wọ́n pọ́n rúsúrúsú, etí wọn sì ti jẹ pẹrẹsẹ. Ó lọ sí èkejì, bákan náà. Nígbà tí ó parí, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ní: “Àgbàlagbà ni ẹ kó jọ síbí. Wọ́n kàn kúrú ni.” Mo wo ojú ọmọ ìyá mi, ilẹ̀ ni mo ń wò lẹ́yìn náà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Màlúù kò ní eyín iwájú lókè. Èrìgì líle kan ni ó wà níbẹ̀. Mo sọ èyí nítorí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ní kí ọmọ ìyá mi máa yẹ ẹnu wò, ó fi ariwo pè mí ní òru pé wọ́n ti tún tà wá ní ẹran arúgbó, pé eyín òkè ti ká tán. Ìsàlẹ̀ ni ká wò. Mẹ́jọ ni eyín iwájú ìsàlẹ̀. Ti ọmọdé máa ń kéré, ó máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń funfun. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún 2, ó lè pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára màlúù oníké tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa, méjì àárín yóò ká, àgbà méjì tí ó fẹ̀ yóò sì hù rọ́pò wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò di mẹ́rin, lẹ́yìn náà mẹ́fà; bí ó bá fi máa pé mẹ́jọ, màlúù náà ti tó ọmọ ọdún 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni, tí ẹ sì rí eyín fífẹ̀ mẹ́jọ, kò ṣì í sọ, ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Èmi kì í sọ pé kí ẹ má ra ẹran tí eyín rẹ̀ pé o. Màlúù àgbà tí egungun rẹ̀ tóbi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, tí àyà rẹ̀ fẹ̀, tí ó kàn jẹ́ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó jẹ ẹ́ ní ara, ẹ lè fi oúnjẹ gidi bọ́ ọ fún oṣù 3, kí ó sì mú owó wá. Èyí tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ni kékeré tí eyín rẹ̀ pé: orí ńlá, ikùn roboto, ẹsẹ̀ kúkúrú, irun hágahàga. Ẹran yẹn jìyà nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ìgbà tí egungun yẹ kí ó gùn ti kọjá, oúnjẹ kò sì lè dá ìgbà yẹn padà mọ́. Ọ̀rá díẹ̀ ni yóò fi kún un, yóò sì jẹ oúnjẹ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Eyín méjì, egungun gígùn, ara gbígbẹ: ohun tí mo ń wá nìyẹn lónìí, bí ojú rẹ̀ bá sì dán, tí imú rẹ̀ tutù, mo ti mú un.

Ní ti ìwé, ẹ óò lọ sí ọ́fíìsì àwọn dókítà ẹran, ẹ mọ ibẹ̀, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ ìyá mi lọ tí ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó. Ní ìgbà kẹrin, wọ́n fún un ní ìwé tí ó sọ pé ara màlúù 12 le koko, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìwé náà dára gan-an. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i kò rí ìrù ọ̀kan nínú wọn. Ẹ gba ìwé náà, torí wọn yóò béèrè rẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ sanwó fún dókítà ẹran tí yóò dé ọgbà yín fúnra rẹ̀.

Ẹran tí ẹ bá rà wọlé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 30, omi tirẹ̀, oúnjẹ tirẹ̀, kí ẹni tí ń bọ́ ọ tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn lẹ́yìn tí ó bá ti bọ́ àwọn yòókù tán. Láàárín ìgbà yẹn ni ẹ óò lo oògùn aràn, tí ẹ óò sì pa eégbọn ara rẹ̀. Ọjọ́ 30 yìí kò tó fún gbogbo àrùn. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí ó ń ràn láàárín màlúù lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, màlúù tí ó sì dà bí ẹni pé ó ti sàn lè ṣì máa gbé e kiri, nítorí náà ẹ má ṣe fi abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ jáfara. Ẹ má sì gbé ọkà fún ẹran tí koríko nìkan ni ó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú rẹ̀ lè kan, ó sì lè kú. Ọ̀kan kú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Ó wá ku ọmọ títọ́ tí ìyàwó yín fẹ́. N kò bá a jiyàn. Bí ọmọ bá jẹ́ ti ọgbà yín, ẹ mọ ìyá rẹ̀, ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, àrùn kò bá ọkọ̀ wọlé, kò sì sí alágbàtà kankan tí yóò purọ́ ọjọ́ orí fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún rẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó fi owó sí i: oyún màlúù lé díẹ̀ ní oṣù 9, ọmọ yóò mu ọmú fún nǹkan bí oṣù 7, yóò sì tún jẹun fún ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó tó tà. Ìyá rẹ̀, bí oúnjẹ kò bá tó, lè lo ọdún kan ààbọ̀ tàbí ọdún 2 gbáko kí ó tó tún bí òmíràn. Owó tí ó sùn fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Èyí tí a rà, tí a sì bọ́, a lè tà á láàárín oṣù 4.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ó lé mi sá. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí ọmọ ni. Wọn kì í bí ọmọ màlúù pẹ̀lú agbára àtigbógun ti àrùn. Inú wàrà àkọ́kọ́, èyí tí ó ki, tí ó sì pọ́n, ni agbára náà wà. Láàárín wákàtí 6 ni ó yẹ kí ó ti mu ún ní àmuyó. Bí ó bá fi máa tó wákàtí 24, ìfun rẹ̀ ti pa ilẹ̀kùn dé, bí ẹ da garawa wàrà náà sí i lẹ́nu, kò ní ṣe é ní oore kan náà mọ́. Ọmọ tí ó wọn kìlógíráàmù 25 nílò tó lítà 2 ààbọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Abo màlúù wa àkọ́kọ́ bímọ ní òru ọjọ́ Sátidé kan, ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà sì ti lọ sí òde àríyá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó dé, ó bá ọmọ náà ní igun ọgbà, ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sún mọ́ ọmú. Kò sí ẹni tí ó fi àyódínì, oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn, sí ìwọ́ rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gba wàrà lẹ́nu rẹ̀ nítorí wọ́n rò pé wàrà ni ó ń fà á, dípò kí wọ́n fún un ní wàrà kí wọ́n sì máa fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà dá omi ara rẹ̀ padà láàárín. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó kú. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin, ṣùgbọ́n èmi rò pé Olúwa náà yóò fẹ́ kí ẹnì kan sùn sí ọgbà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí ó pa ìbéèrè yín méjèèjì pọ̀. Ṣàkì ọmọ màlúù kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Wàrà ni ó ń gbé e ró, àwọn ọkà díẹ̀díẹ̀ tí ó ń tọ́ lá ni ó sì ń jí ṣàkì náà. Bí wọ́n bá ń fún wàrà ìyá rẹ̀ tà, tí wọ́n sì fi ọmọ náà sílẹ̀ fún koríko gbígbẹ kí ṣàkì rẹ̀ tó gbó, ikùn rẹ̀ yóò yọ, egungun rẹ̀ yóò sì dúró. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹnì kan yóò ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun pé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni.

Ẹ má fòyà. Ẹ ra mẹ́fà, ẹ má ra méjìlá, ẹ bọ́ wọn, ẹ tà wọ́n, kí ẹ fi mọ ọwọ́ àbúrò yín. Bí ọgbà bá ti ní ẹni gidi, ẹ fi abo méjì kún un, kí inú ìyàwó yín náà dùn. Àwa ti ní ọmọ mẹ́ta báyìí, àkọ́kọ́ nínú wọn sì ti já lẹ́nu ọmú.

Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ fi nọ́ńbà etí ránṣẹ́ láti ibi tí ẹ wà. Ẹ fi ránṣẹ́, kò wúwo nínú ẹrù. Kí wọ́n fi í sí etí ní ọjọ́ tí ẹran bá wọlé, kí wọ́n sì ya eyín àti nọ́ńbà náà pọ̀ nínú fídíò kan ṣoṣo tí wọn kò gé láàárín, torí pé ọmọ ìyá mi fi fọ́tò ẹnu màlúù mẹ́fà ránṣẹ́ sí mi nígbà kan, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó ṣàkíyèsí pé ẹnu kan náà ni mẹ́ta nínú wọn.