Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò tó kílò kan: ooru àti omi ọyàn àkọ́kọ́ ló ṣáájú mílíìkì

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Kuje lápá Abuja, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ ní abo yín bí 16 lánàá, pé 5 nínú wọn kò tó kílò kan, ẹ wá bèèrè irú mílíìkì ọmọ ìkókó tí ẹ lè rà fún wọn. Màá dé orí mílíìkì, àmọ́ kì í ṣe òun ló kàn báyìí. Àìrí mílíìkì inú agolo kọ́ ló sábà ń pa ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó kéré. Òtútù ló ń kọ́kọ́ mú un, òtútù náà kò ní jẹ́ kó lágbára láti fa ọmú, ebi á wá parí iṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n wọ́n, òṣùwọ̀n tí ìyàwó ilé fi ń wọn fúláwà ti tó. Èyí tó bá wọn 1.3 sí 1.5 kílò kò ní wàhálà. Láti 0.8 dé 1.1 kílò ni iṣẹ́ yín máa ti lérè jù. Èyí tí kò bá tó 0.7 kílò, púpọ̀ nínú wọn máa ń kú ohun yòówù kí èèyàn ṣe. Ẹ wo ojú wọn pẹ̀lú: iwájú orí tó yọ gọngọ, ẹyinjú tó ràn síta, awọ ẹ̀bá ẹnu tó hunjọ, àmì pé oúnjẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa nínú ìyá rẹ̀ nìyẹn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní agbára kankan nípamọ́, kì í sì í mọ ọmú fà. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ má ṣe torí ọmọ 600 gíráàmù ṣàìsùn mọ́jú kí òtútù wá pa èyí tó wọn 900 lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ooru. Omi máa ń wà lára ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, kò sí ọ̀rá lábẹ́ awọ rẹ̀, 34°C ló sì ń fẹ́ ní ọjọ́ kìíní. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bí 20°C, nítorí náà ẹ ò lè mú gbogbo yàrá gbóná. Ẹ fi pákó kan àpótí tó ní ìdérí, mítà kan ní gígùn, 60 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, kí ẹ dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ da èérún pákó gbígbẹ láti ọ̀dọ̀ káfíńtà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ so gílóòbù ooru kọ́ nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà sókè wọn. Bí kò bá sí iná (ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lápá ibẹ̀ yẹn), ẹ pọn omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 10, ẹ fi àpò ìrẹsì wé e, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 3 sí 4. Ẹ má gbé àdògán èédú sínú àpótí tàbí yàrá tí ẹ ti pa dé nítorí ọyẹ́: èéfín rẹ̀ tí kò lóòórùn máa ń pa ọmọ, ó sì lè pa ẹ̀yin náà. Bí wọ́n bá gorí ara wọn, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sí igun, ooru ti pọ̀ jù. Kí wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹrẹsẹ ni ẹ ń wá.

Kí ẹ tó fún ọmọ kankan lóúnjẹ, ẹ ti ìka kékeré bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹnu náà bá tutù, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ikùn ọmọ tó ti tutù kì í ṣiṣẹ́, ohun tí ẹ bá dà sí i á jókòó síbẹ̀ tàbí kó gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ rì í dé ọrùn sínú omi 40°C títí ara rẹ̀ á fi gbóná padà, ẹ nù ún gbẹ kanlẹ̀, ẹ gbé e sínú àpótí. Ìgbà tí ẹnu bá gbóná ni oúnjẹ kàn.

Omi ọyàn àkọ́kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Èròjà tó ń gbógun ti àrùn kì í gba inú ilé ọmọ dé ara ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, inú omi ọyàn ọjọ́ kìíní nìkan ló ti ń rí i, ìfun rẹ̀ sì ń pa ilẹ̀kùn fún un ní nǹkan bí wákàtí 24. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nílò nǹkan bí 250 gíráàmù, kó má dín sí 200. Abo kan sì ń mú bíi kílò 3 sí 4 jáde, ìbáà bí 8, ìbáà bí 16. Ẹ ṣírò rẹ̀: 16 lọ́nà 250 jẹ́ kílò 4. Kò sí àṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó tóbi ti mu ju ìpín wọn lọ kí àwọn kékeré tó dìde.

Oògùn rẹ̀ ni kí ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì láti fa ọmú. Àná ni wọ́n bí tiyín, ìyókù wákàtí tó ṣẹ́kù ni kí ẹ lò. Nígbà tó ń bọ̀, bí ọmọ tó kẹ́yìn bá ti jáde ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi GV (oògùn egbò aláwọ̀ àlùkò) kun ẹ̀yìn àwọn 8 tó tóbi tí ikùn wọn ti le, ẹ há wọn mọ́ inú àpótí ooru fún wákàtí kan sí ọ̀kan ààbọ̀, kí àwọn kékeré wà nídìí ìyá nìkan. Ẹ dá àwọn ńlá padà, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín wákàtí 12. Àwọn ńlá lẹ ń há mọ́lé o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé àwọn kékeré kúrò nídìí ìyá nítorí àánú, ìyẹn gan-an ló sì ń fi ebi pa wọ́n.

Èyí tí kò bá lè fà, ẹ fún omi ọyàn náà fún un. Nígbà tí abo ń bímọ lọ́wọ́, ẹ tẹ ọmú iwájú díẹ̀, á ya. Tó bá ti bí tán fún wákàtí mélòó kan, ó di ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ wàrà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí ẹ tó rí nǹkan. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán 10 sí 15 ml sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí 2 sí 3. Bí kò bá gbé e mì, ẹ ra rọ́bà oníhò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń bọ́ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, nọ́ńbà 8. Ẹ wọ̀n ọ́n láti orí imú dé egungun ìhà tó kẹ́yìn, ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀. Ẹ gbé ọmọ náà ró, ẹ má tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn, kí ẹ rọra ti rọ́bà náà wọlé kó máa gbé e mì títí dé ibi àmì. Kí ẹ tó da nǹkan sí i, ẹ ki ẹnu rọ́bà tó wà níta bọ omi inú ife: bí omi bá ń hó kù bó ṣe ń mí, ẹ̀dọ̀fóró lẹ wà, ẹ fà á jáde. Ọmọ 800 gíráàmù, 15 sí 20 ml ti tó lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ń gba imú jáde, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dorí rẹ̀ kodò.

Omi ọyàn tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi í sínú ìgò kéékèèké nínú fíríìsà. Omi tí kò gbóná ju 40°C lọ ni kí ẹ fi yọ́ ọ. Bí ẹ bá sè é, ẹ ti ba èròjà inú rẹ̀ jẹ́. Bí ìyá kò bá ní, abo mìíràn tó bímọ lọ́jọ́ kan náà nínú oko yín ni kí ẹ wò. Ẹ má gba ti oko ẹlòmíì, ẹ má yá abo wọn pẹ̀lú, nítorí ibà ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ASF kò ní oògùn, ó sì lè kó gbogbo ilé ẹlẹ́dẹ̀ yín lọ. Wàrà àkọ́kọ́ màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ẹ lè rí lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní lápá Kuje àti Gwagwalada, ṣeé lò. Ó ń fún wọn lágbára, ó sì dára fún ìfun, àmọ́ kò lè dí ipò ti ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìgbógunti àrùn ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ mú un gbóná dé 60°C fún wákàtí kan gbáko nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù. Ẹ lo tẹmómítà, torí bó bá kọjá ìyẹn, á dì.

Lẹ́yìn wákàtí 12 sí 24, ẹ ka iye ọmú tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ 13, ọmọ 3 kò ní ọmú tirẹ̀ nìyẹn. Bí abo mìíràn bá wà nínú oko yín tó ní ààyè, àwọn tó tóbi ni kí ẹ kó lọ bá a, ara wọn gba ìyípadà.

Ibi tí mílíìkì ti wọ̀ ọ́ rèé, ìrànwọ́ lásán sì ni, ẹ má yọ ọmọ kúrò nídìí ìyá tìtorí rẹ̀. Ẹ má fowó ṣòfò sórí mílíìkì ọmọ ìkókó: purotéènì inú rẹ̀ kéré jù fún ẹlẹ́dẹ̀. Mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, tí kò ní ṣúgà, ni kí ẹ rà. Bí a ṣe ń pò ó fún ènìyàn, nǹkan bí 130 gíráàmù sí lítà kan, kò ki tó, torí ọyàn ẹlẹ́dẹ̀ ki ju ti màlúù lọ. Ẹ lo 200 gíráàmù sí lítà omi kan, omi tí ẹ ti sè tó sì ti lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má lo mílíìkì dídì aládùn: ìfun ọmọ ọ̀sẹ̀ kìíní kò lè fọ́ ṣúgà, ìgbẹ́ gbuuru ló máa yọrí sí. Glúkóòsì díẹ̀ kò burú. Ògì àti wàrà sóyà kò wúlò fún un lásìkò yìí, inú rẹ̀ kò tíì lè dà wọ́n.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 20 ml ní wákàtí 3. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi imú wọn kàn án, wọ́n á lá a. Kí àpapọ̀ rẹ̀ fún ọmọ tí kò rí ọmú rárá wà ní nǹkan bí 250 ml sí kílò ara rẹ̀ lójúmọ́. Kékeré lemọ́lemọ́ ló dára ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ẹ da àṣẹ́kù nù, ẹ fọ abọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná nígbà gbogbo. Bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ fi ORS (omi oníyọ̀ tí a ń fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru) rọ́pò mílíìkì fún ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má gé eyín àwọn kékeré, òun ni wọ́n fi ń jà fún ọmú. Abẹ́rẹ́ áyọ́ọ̀nù (èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀): 200 mg fún àwọn ńlá ní ọjọ́ kẹta, 100 mg fún àwọn kékeré ní ọjọ́ kẹrin, kí ẹ fi 100 tó kù kún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ka ara ìgò: òmíràn jẹ́ 100 mg nínú ml kan, òmíràn 200. Ìyá pẹ̀lú, ẹ máa fi oúnjẹ rẹ̀ kún díẹ̀díẹ̀, ẹ fún un ní ìdájí àti alẹ́ tí ooru ti rọlẹ̀, kí omi má sì gbẹ níwájú rẹ̀, torí ó lè mu ju lítà 30 lọ lójúmọ́.

Ẹ máa wọn àwọn 5 yẹn láràárọ̀. Èyí tí kò bá fi nǹkan kún ara rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹ yẹ ìdodo àti oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó fi mílíìkì kún un. Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, àrùn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, dókítà ẹranko ló kàn.