Èsì: Baínókúlà 20x50 àbí 10x50 fún wíwo ẹyẹ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ ra baínókúlà (awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn) 20x50 tí kò wọ́n láti máa fi wo ẹyẹ nínú igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, 10x50 ni kẹ́ ẹ rà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìlọ́po tó fi ń mú nǹkan tóbi lójú. Èmi náà ti ra oní-20 rí. Bí mo bá ti gbé e sójú, ńṣe ni ẹyẹ ń jó lórí ẹ̀ka, àṣé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Àfi kéèyàn gbé e lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àwọn onífọ́tò. 50 yẹn ni fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà. Ẹ fi 10 pín in, ẹ ó rí 5: fífẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sójú yín nìyẹn, ní mìlímítà. Ti 20, 2.5 péré, á ṣú lábẹ́ igi. Àwọn baínókúlà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 100x180 sí lára, irọ́ gbuu ni o! Oní-dígí pupa náà, ẹ má wulẹ̀ dá a lóhùn.