Ẹ̀yìn aṣọ ìbora tó ń hunjọ: ẹ má nà án bí awọ ìlù

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa. Ẹ ní ìrépé àǹkárá tí ẹ rán pọ̀ ti tóbi tó láti bo bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6, pé aṣọ onírun múlọ́múlọ́ lẹ fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀, àti pé bí ẹ bá ti gbé e sábẹ́ máṣìnì báyìí, ẹ̀yìn á hunjọ. Ojú mi ti rí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe fún ìyá mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè (ẹni tó bá ti sun orí òkè yẹn lásìkò ọyẹ́ ló mọ ìdí), ìrọ̀lẹ́ méjì gbáko ni mo fi tú u.

Ohun tó fà á ni pé mo rò pé bí mo bá ṣe na aṣọ ẹ̀yìn le tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní hunjọ. Mo tẹ́ ẹ sórí táìlì, mo fà á bí awọ ìlù, mo fi téèpù mú un yíká. Bẹ́ẹ̀, aṣọ onírun yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ àǹkárá. Òwú rẹ̀ kọ́ ara wọn lọ́rùn bíi ti síńgílẹ́ẹ̀tì ni, torí náà ó máa ń nà, ti ìbú ló sì máa ń burú jù. Àǹkárá kì í nà. Bí mo ṣe ṣí téèpù, ẹ̀yìn sún kì padà sí àyè rẹ̀, ó sì fa gbogbo àǹkárá òkè jọ. Mi ò tètè mọ̀, mo tún ń rán an lọ.

Ẹ tẹ́ ẹ, kí irun kọjú sílẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láti àárín jáde títí tí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ má sì nà án ju bẹ́ẹ̀ lọ. Téèpù oníbébà tí àwọn tó ń kun ilé ń lò ló dára. Ó wulẹ̀ wà kí aṣọ má rìn ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn fi íǹṣì 4 yọ ju òkè lọ ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ó máa ń rìn díẹ̀ ṣáá. Pálọ̀ mi kò gbà á, gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo tọrọ ní ọjọ́ Ajé kan. Bí wọ́n bá ní àwọn ti gbálẹ̀, ẹ tún un gbá fúnra yín. Irun yẹn ń kó erùpẹ̀ ju ọmọ tó ń rá lọ.

Fáíbà tín-ínrín ni kí ẹ fi sáàárín. Aṣọ ẹ̀yìn yẹn wúwo fúnra rẹ̀, bí ẹ bá tún fi èyí tó nípọn sí i, apá yín ló máa sọ fún yín.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni tákìn, ìyẹn ni kí ẹ mú ẹ̀yìn, fáíbà àti òkè pọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí máṣìnì tó rán wọn. Pín-ìnnì tí à ń fi so ìlédìí ọmọ ni mo lò nígbà àkọ́kọ́, mo fi í jìnnà síra torí pé mi ò rà á tó. Láàárín ẹyọ kan sí èkejì, aṣọ ń yọ̀ bí ilá. Ní báyìí, abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú funfun ni mo ń lò: mo bẹ̀rẹ̀ láti àárín, mo rán an ní ojú gígùn bí ìka, ìlà kan sí èkejì kò ju íǹṣì 4 lọ, ní òòró àti ní ìbú. Orúnkún á dun yín. Bí ó bá jẹ́ pín-ìnnì lẹ fẹ́, kí àtẹ́lẹwọ́ yín má lè bọ́ sáàárín méjì láìkan ọ̀kan, kí ẹ sì kà wọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí ìyá mi ló bá mi rí èyí tí mo gbàgbé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fọ́n náà ń ṣiṣẹ́, ìta gbangba ni kí ẹ ti fọ́n ọn, ṣùgbọ́n èmi á ṣì tákì lé e lórí.

Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kan ẹ̀yìn yẹn o. Ọ̀rá ni irun rẹ̀, ó máa yọ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní dìde mọ́.

Tó bá kan máṣìnì, ẹ wá ẹsẹ̀ tó ní eyín tirẹ̀, tó ń fa aṣọ òkè bí eyín ìsàlẹ̀ ṣe ń fa ti ẹ̀yìn. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ó bá máṣìnì yín mu kí ẹ tó sanwó. Abẹ́rẹ́ tuntun, nọ́ńbà 14, irú èyí tí à ń fi rán aṣọ tó ń nà. Ẹ gbé ojú ìrán sí 3.5 tàbí 4. Tó bá kéré, irun á gbé e mì, ẹ̀yìn á sì le gbagidi. Ìlà àárín ni kí ẹ kọ́kọ́ rán, kí ẹ wá máa jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ gbé tábìlì kan sí apá òsì, òmíràn sẹ́yìn máṣìnì, torí bí aṣọ bá ń rọ̀ nílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á máa fa abẹ́rẹ́, ojú ìrán á wọ́. Bí bọ́bìnì bá ti tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbọn irun kúrò nínú ilé rẹ̀.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, bí ó bá jẹ́ ojú kan ló hunjọ, ẹ tú ìlà tó wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀ nìkan, kí ẹ gbá a tẹ́jú, kí ẹ tákì ibẹ̀ kí ó súnmọ́ra dáadáa kí ẹ tó tún un rán. Àmọ́ bí ó bá hunjọ káàkiri, ẹ tú gbogbo rẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti máa já òwú, ẹ rọra, abẹ ń tètè ya aṣọ onírun.