Ohun tí SDN ti yí padà nínú iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lójú ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́

Àbúrò mi, o béèrè bóyá kí o ṣì máa kàwé fún ìdánwò CCNA, ìyẹn ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Cisco, níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ kan ti sọ fún ọ pé software-defined networking, tí gbogbo wa ń pè ní SDN, yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ráútà àti súwíìṣì, àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé dátà láti ibì kan sí òmíràn. Ìdáhùn mi ni pé kí o máa kà á lọ, ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé iṣẹ́ tí ìwé náà ń múra rẹ sílẹ̀ fún ti yàtọ̀ sí èyí tí àwa bá nílẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ ìṣúná kan tí ẹ̀ka rẹ̀ wà káàkiri Èkó, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó ni mo ń bójú tó. A ti lo ọ̀nà àtijọ́, a sì ń lo ti ìsinsìnyí, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ.

Ní ọ̀nà àtijọ́, ráútà kọ̀ọ̀kan ló ní ọpọlọ tirẹ̀. Ó ń bá àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ OSPF tàbí BGP, ìyẹn ìlànà tí ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn, ó ń kó ohun tó gbọ́ jọ, ó sì ń fúnra rẹ̀ pinnu ibi tí pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà kọ̀ọ̀kan, yóò gbà. Bí a bá fẹ́ yí òfin ààbò kan ṣoṣo padà, àfi kí a wọ inú ẹ̀rọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà bá ti lọ, kí a tẹ àṣẹ kan náà síbẹ̀, kí a sì máa gbàdúrà pé kí iná má lọ kí a tó fi í pamọ́. Bí oṣù mélòó kan bá fi kọjá, ẹ̀rọ méjì tó yẹ kí ó bára mu kò ní bára mu mọ́, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n yàtọ̀ síra.

Ohun tí SDN ṣe ni pé ó yọ ìpinnu kúrò lára ẹ̀rọ tó ń gbé pákẹ́ẹ̀tì, ó sì fi í sọ́wọ́ sọ́fítíwia kan tí à ń pè ní controller, èyí tó ń rí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì lápapọ̀. Ó dà bí ìgbà tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Èkó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé, tí ẹnì kan wá dúró síbi tó ti ń rí gbogbo afárá, tó ń sọ fún gbogbo wọn ibi tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni èrò yìí ti gbilẹ̀. Martin Casado àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìwádìí Ethane jáde ní 2007, nígbà tó sì di 2008, Nick McKeown àti àwọn mìíràn gbé OpenFlow síta, ìyẹn ìlànà tí controller fi ń sọ fún súwíìṣì ohun tí yóò ṣe sí pákẹ́ẹ̀tì. Casado, McKeown àti Scott Shenker ló dá ilé-iṣẹ́ Nicira sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwia VMware sì rà á ní 2012 ní dọ́là bílíọ̀nù 1.26. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ta ráútà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti inú kíláàsì.

Ní tèmi, àlàyé tí Google ṣe ní 2013 nípa B4, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó so àwọn data center rẹ̀ (ilé ńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà sí) káàkiri ayé pọ̀, ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe àsọdùn. Ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń lò lára irú ìlà ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀, nítorí pé a gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ de ọjọ́ tí ìlà mìíràn bá já. Controller B4 mọ èyí tó jẹ́ kánjúkánjú nínú ẹrù tó ń kọjá àti èyí tó lè dúró, irú bíi ẹ̀dà dátà tí wọ́n ń kó láti ibì kan sí òmíràn, nítorí náà ó lè kún ọ̀pọ̀ ìlà dé bèbè ọgọ́rùn-ún, kí ó sì dá èyí tó lè dúró dúró bí ìlà kan bá já. Wọ́n sọ pé lójú ìwọ̀n gígùn, ìlà wọn ń ṣiṣẹ́ dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti san owó ìlà ọ̀nà jíjìn rí ní dọ́là, tó sì mọ̀ pé ohun tó ju ìlàjì rẹ̀ lọ wà lófo, yóò mọ bí èyí ti tó.

Ọjà náà fúnra rẹ̀ yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ta irin ẹ̀rọ fún ọ ló ta sọ́fítíwia inú rẹ̀, o kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní 2016, Microsoft gbé SONiC síta lọ́fẹ̀ẹ́, ìyẹn sọ́fítíwia súwíìṣì tó lè ṣiṣẹ́ lórí irin oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́. Cisco náà kò káwọ́ gbera: ó gbé ACI, ètò SDN tirẹ̀, jáde ní 2013, ó sì ra Viptela, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe SD-WAN tí n ó sọ láìpẹ́, ní 2017 ní dọ́là mílíọ̀nù 610. OpenFlow ní tirẹ̀ kò gba gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí a ti rò. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà lónìí lórúkọ SDN, BGP àti VXLAN (ìlànà tó ń fi pákẹ́ẹ̀tì kan sínú òmíràn) ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, controller kan ló sì ń kọ ètò wọn dípò ènìyàn. Fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni ìdí tí mo fi ní kí o má pa ìwé rẹ tì.

Ní àyíká wa níbí, SD-WAN, èyí tó ń so àwọn ẹ̀ka tó jìnnà síra pọ̀, ni ẹ̀yà SDN tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ fojú rí. Ìlà MPLS kan, ìyẹn ìlà àdáni, ni a máa ń gbà fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ wọ́n, bí àwọn tó ń ṣe títì bá sì gé fáíbà náà, ẹ̀ka náà yóò dákẹ́ títí wọn yóò fi so ó. Nísinsìnyí, a so íntánẹ́ẹ̀tì fáíbà àti ti 4G mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan, ẹ̀rọ náà sì ń wọn bí pákẹ́ẹ̀tì ti ń pẹ́ tó àti iye tó ń sọnù lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí fáíbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó ń gbé ẹrù lọ sórí ìlà kejì kí àwọn tó wà lórí káńtà tó fura. Òfin ààbò tí a máa ń fi òru tẹ̀ ti di ohun tí a ń kọ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì ń dé gbogbo ẹ̀ka. Mo dúpẹ́ fún èyí láti ọkàn wá, nítorí iṣẹ́ òru yẹn ti gba ìlera lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí mo mọ̀.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀ka kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìkànnì iṣẹ́ wọn ń ṣí dé ìdajì, á sì dúró. Controller ní gbogbo nǹkan dára, àwọ̀ ewé ló wà níbi gbogbo, ping, ìyẹn pákẹ́ẹ̀tì kékeré tí a fi ń wò bóyá ọ̀nà ṣí, sì ń lọ ó ń bọ̀. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wa ní ohun tí controller wí ni kí a gbà. Nígbà tí mo wá fi ping ránṣẹ́ ní ìwọ̀n tó ń tóbi sí i, tí mo sì kọ̀ kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́, ó hàn pé pákẹ́ẹ̀tì ńlá kò kọjá. Àpò ìpamọ́ tí SD-WAN ń fi pákẹ́ẹ̀tì sí ń gba àyè lára báìtì 1500 tí ìlà náà lè gbé, ìlà 4G sì tún gba tirẹ̀. Ẹni tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì náà sì ti dí ọ̀nà ìkìlọ̀ ICMP tó yẹ kó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé kí ó dín ìwọ̀n kù. A dín MSS TCP, ìyẹn ìwọ̀n dátà tó ń wọ inú pákẹ́ẹ̀tì kan, kù ní ẹ̀ka náà, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ MTU, ìyẹn ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ìlà lè gbé, ì bá ṣì jókòó síwájú àwọ̀ ewé náà.

Èyí tó tún le jù ú lọ ni ti ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne já lẹ́bàá Abidjan lọ́jọ́ kan náà. Ilé-iṣẹ́ méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ ló ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì, controller sì ti ń kà wọ́n sí ọ̀nà méjì láti ọjọ́ yìí wá. Lábẹ́ òkun, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Àwọn tí ọ̀kan nínú ìlà wọn gba orí Equiano tàbí Glo-1, àwọn okùn tí kò já, ṣì rí ibi mí. Controller tiwa wà nínú cloud nílẹ̀ òkèèrè, nítorí náà àwọn ẹ̀rọ ẹ̀ka ń ṣiṣẹ́ lọ pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀ kẹ́yìn, ẹ̀ka sí ẹ̀ka ń dé ara wọn, ṣùgbọ́n a kò lè yí ohunkóhun padà fún wọn. Láti ìgbà náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, a máa ń béèrè okùn òkun tó ń gbé ẹrù rẹ̀, a sì máa ń fi traceroute, tó ń fi ọ̀nà tí pákẹ́ẹ̀tì ń gbà hàn, wò ó fúnra wa.

Ewu kíkó ìpinnu jọ síbì kan kò yọ àwọn ńlá sílẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2019, ètò àtúnṣe aládàáṣe kan ní Google pa àwọn sọ́fítíwia tó ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ẹ̀rọ ń bá iṣẹ́ lọ fún ìgbà díẹ̀ láìsí olùdarí, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ nínú BGP, àwọn tó ń lo Google Cloud ní apá kan Amẹ́ríkà sì wà nínú ìnira fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Bí àṣẹ tó tọ́ ti ń dé gbogbo ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí kò tọ́ ń dé. Nítorí náà ni a fi ń kọ́kọ́ gbé àyípadà lọ sí ẹ̀ka kan tó kéré, kí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. A ń ra ráútà lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, a sì ń lò ó títí yóò fi gbó. Nísinsìnyí láísẹ́ńsì ọdọọdún ló wà lórí rẹ̀, dọ́là sì ni. Lẹ́yìn tí iye náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, owó àtúnsan yìí di ẹrù ńlá fún ilé-iṣẹ́ tí náírà ni wọ́n ń pa. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí ìpàdé ìràjà lọ́jọ́ kan, béèrè pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní kedere ohun tí ẹ̀rọ náà yóò ṣì máa ṣe lọ́jọ́ tí láísẹ́ńsì bá parí.

Ní ti ìwé tí o ń kà, CCNA tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kejì ọdún 2020 ti ní ẹ̀kọ́ lórí controller, API (ọ̀nà tí sọ́fítíwia fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) àti JSON (bí wọ́n ṣe ń kọ dátà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́) nínú, má fò ó. Kọ́ bí a ti ń pín àdírẹ́ẹ̀sì IP, OSPF àti BGP dáadáa, lẹ́yìn náà kí o fi Python (èdè kọ̀ǹpútà), Git (tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà) àti Ansible (tó ń ṣètò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan) kún un. Mininet, tó ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì àfarawé, àti FRRouting, sọ́fítíwia ráútà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí laptop lásán. To súwíìṣì mẹ́rin sínú Mininet, so wọ́n pọ̀ láìjẹ́ kí ìlà wọn yípo, so wọ́n mọ́ controller kan, kí o sì pa controller náà nígbà tí ping ń lọ. Wo iye ìgbà tí ping fi ń lọ kí ó tó dúró, tàbí bóyá kò dúró rárá, kí o sì wá ìdí rẹ̀ nínú tábìlì tó wà nínú súwíìṣì kọ̀ọ̀kan. Fi ohun tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.