Jẹ́ Kí Òkè Ilé Rẹ Bá Ọ Yan Ọkọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí, Sheffield ni mo ń gbé láti ọdún 2004. Mo ti di ẹni ọdún 47. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti wọ yunifásítì, mo sì ti san gbèsè ilé mi tán. Láti kékeré ni ọkọ̀ asáré ti ń wù mí, ọdún mọ́kànlá ni mo sì fi tọ́jú £75,000 nítorí rẹ̀. Mẹ́ta ni mo rí tó wù mí. Àkọ́kọ́ ni Ferrari F430 ti ọdún 2005 tó ń lo jíà F1, £74,000 ni wọ́n pè é. Èkejì ni Porsche 911 Turbo ti ọdún 2007, jíà ọwọ́, £58,000. Ẹ̀kẹta ni Audi R8 V8 ti ọdún 2008, jíà ọwọ́ lòun náà, £44,000. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gbogbo wọn sílẹ̀, kí n lọ ra Lamborghini Gallardo. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní orí mi ti dàrú, pé kí n fi owó náà kọ́lé sí Ìlá. Ohùn ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ràn jù. Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń ráyè wakọ̀ fún ìgbádùn, Snake Pass, ọ̀nà orí òkè ìtòsí ibí, ni mo sì máa ń gbà. Gáréèjì mi wà lókè, ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ga bí àkàbà, ẹ̀yìn ni mo sì máa ń fi wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà?
A.O., Sheffield

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìfaradà ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìwé rẹ. Kí n tó dé orí ọkọ̀, jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ohun tó wu ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni; ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ dé yunifásítì, tí kò jẹ báǹkì ní kọ́bọ̀, tó sì ń tu owó jọ díẹ̀díẹ̀ nítorí ohun kan ṣoṣo, orí rẹ̀ pé. Fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, kí o sì ra ọkọ̀ rẹ.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, èyí tí o fi parí rẹ̀ ló mú mi jókòó dáadáa: gáréèjì tó wà lókè, tí o ń fi ẹ̀yìn wọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Jíà F1 ara F430 kì í ṣe ọ́tò bíi ti Toyota. Jíà ọwọ́ gan-an ni, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, irú èyí tí a máa ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ máa tẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ ló ń bá ọ tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀nà bá dán, tí o sì ń sáré, ó dùn, gbogbo ara rẹ ló máa mọ̀ ọ́n bí jíà kan bá ti bọ́ sínú òmíràn. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi ẹ̀yìn gun òkè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, ẹ̀rọ yẹn kò lè dì í mú tán, kò sì lè tú u sílẹ̀ tán. Yóò kàn máa fi kílọ́ọ̀ṣì ha irin ni. Ooru ibi tó ń ha yẹn ló ń jẹ ẹ́. Mo ti gbóòórùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń rùn bí irun tó jóná. Mo mọ ẹnì kan tó lo kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ ju ọdún mẹ́jọ lọ, torí ilẹ̀ àdúgbò rẹ̀ tẹ́jú. Mo mọ ẹlòmíràn tí tirẹ̀ tán láàárín ọdún kan àbọ̀, orí òkè lòun náà ń gbé. Àwọn méjèèjì mọ ọkọ̀ wà. Owó tí wọ́n ń gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni.

Gallardo tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ, bí ó bá jẹ́ e-gear, orúkọ tí Lamborghini ń pe irú jíà kan náà, àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra F430 o. Ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ gba lítà 4.3, agbára ẹṣin 490 ló ní, ó sì ń yí dé 8,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ti kọjá 6,000, ohùn rẹ̀ á yí padà, á di ohun tí èèyàn ń gbọ́ ní àyà. Ṣéènì ni wọ́n fi ń yí inú rẹ̀, wọn ò lo bẹ́líìtì mọ́. Ìyẹn mú ẹrù ńlá kúrò lọ́rùn ẹni tó ní in, torí F355 tó ti wà ṣáájú, ńṣe la máa ń sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí a tó lè pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Àìsàn tí F430 ní tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀ ni ọ̀pá èéfín tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ sáléńsà: ó máa ń sán. Èyí tó ní jíà ọwọ́ wà, tí ọ̀pá jíà rẹ̀ ń rìn láàárín àwo irin tí wọ́n gé ihò sí. Èyí gan-an ni mi ò bá ní kí o rà, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, owó wọn sì ti fò kọjá ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Ohun mìíràn tó wà níbẹ̀ ni iye. £74,000 nínú £75,000. Jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún 2011, mo ra ọkọ̀ ará Ítálì kan, gbogbo owó tí mo ní ni mo kó lé e. Ẹni tó tà á fún mi ní kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tuntun ni, èmi tí mo jẹ́ mẹkáníìkì kò sì so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn láti wò ó, torí ojú mi ti kúrò nílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù nínú kílọ́ọ̀ṣì náà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ní ọkọ̀ yẹn. Lára rẹ̀, ó lé ní oṣù mẹ́fà tó fi wà lábẹ́ aṣọ, torí mi ò lówó tí mo lè fi tún un ṣe. Bí mo bá tiẹ̀ gbé e jáde, etí mi kì í gbọ́ ohùn dídùn mọ́; bí nǹkan kan bá ti ró, owó ni mo ń kà lọ́kàn. Ìyàwó mi wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta péré. Ọjọ́ tí mo tà á, mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin tí mo wọ̀ padà sílé. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣe ọ́.

Ó wá ku méjì.

Ọ̀rọ̀ 911 sún mọ́ mi lọ́kàn. Lọ́dún 1979 ni mo wọṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Fọ́sìwágìnnì tí à ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n ń tò pọ̀ l'Ékòó nígbà náà, ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, àwọn sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dùbúlẹ̀ ni, méjì kọjú sí méjì, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Ferdinand Porsche ló ṣe ọkọ̀ yẹn. Nígbà tí mo dé ìlú ọba, tí mo ṣí ẹ̀yìn 911 fún ìgbà àkọ́kọ́, bí ẹni pé mo pàdé ọmọ ẹni tí mo mọ̀ ni: sílíńdà mẹ́fà tó dùbúlẹ̀, ní ẹ̀yìn, níbi tí Ìjàpá ń gbé tirẹ̀ sí. Láti 1963 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi 911 han aráyé ní Frankfurt, wọn ò gbé e kúrò níbẹ̀.

Èyí tí o rí ti ọdún 2007 yẹn, ẹ́ńjìnnì tí Hans Mezger, ẹnjiníà Porsche, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó le bí òkúta. Púpọ̀ nínú àwọn 911 tí kì í ṣe Turbo ní àkókò yẹn ní bẹ́ríì kan tó máa ń bàjẹ́ nínú ikùn ẹ́ńjìnnì wọn. Tìrẹ kò ní in. Àbùkù rẹ̀ ni àwọn páìpù omi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Bí ooru bá ti lù ú pẹ́, gọ́ọ̀mù á jọ̀wọ́, omi á dà sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà. Bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti jó o pọ̀. Agbára ẹṣin 480, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, ara rẹ̀ sì ga ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ra ọkọ̀ lónìí, òun ni mo máa rà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi. Ìwọ sọ pé ohùn lo fẹ́ràn jù. Túbò méjèèjì, àwọn ẹ̀rọ tó ń fi agbára èéfín ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, ti gbé ohùn 911 yẹn mì. Yóò gbé ọ lọ bí ìjì, àmọ́ bí ẹni tó di nǹkan mọ́nu ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀, ó sì máa tó dùn ọ́.

R8 ni kí o rà. Ẹ́ńjìnnì V8 lítà 4.2, kò sí túbò kankan lára rẹ̀, agbára ẹṣin 420, ó sì dìgbà tó bá yí dé 7,800 kí gbogbo agbára yẹn tó pé. Ìyẹn ni pé ó fẹ́ kí o máa lé e lọ sókè, kí o máa gbọ́ ọ. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ ló wà, lábẹ́ gíláàsì, o lè dúró ní gáréèjì kí o máa wò ó. Ọ̀pá jíà rẹ̀ ń rìn láàárín àwo irin bíi ti Ferrari tí owó rẹ kò ká. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé ni wàá gbọ́ ìró irin lórí irin. Àwọn tó ń fi aago díwọ̀n eré yóò sọ fún ọ pé ìṣẹ́jú àáyá 4.6 ló fi ń dé 62 máìlì ní wákàtí, nígbà tí 911 ń fi 3.9 dé ibẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lórí Snake Pass, pẹ̀lú àgùntàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kùrukùru àti òjò, kò síbi tí o ti fẹ́ lo ìyàtọ̀ yẹn.

Òun náà ní àbùkù tirẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀kì oní-mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa ń jo ọ́ìlì, wọ́n sì wọ́n. Nítorí pé inú sílíńdà gan-an ni wọ́n ń fọ́n epo sí, epo kì í fọ ẹnu ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, èédú á máa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bí ó bá ti lọ́ra, wọ́n ní láti fọ̀ ọ́. Kò sí èyí tó lè ba ayọ̀ rẹ jẹ́ nínú méjèèjì, torí pé £31,000 ló máa kù sí ọ lọ́wọ́. Yọ £10,000 sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ náà, má fi ṣe ohun mìíràn. Bó bá wù ọ́, fi díẹ̀ nínú ìyókù ṣe ìpìlẹ̀ n'Ílá.

Wàyí o, òkè ilé rẹ. Ẹsẹ̀ tìrẹ ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì R8 yìí, nítorí náà o lè dì í mú lẹ́ẹ̀kan, kí o gùn ún láì dúró lágbedeméjì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni imú rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ti gun òkè, imú ọkọ̀ á dorí kọ ilẹ̀ níbi tí òkè ti pàdé títì, R8 sì súnmọ́lẹ̀. Kí o tó san kọ́bọ̀, bẹ ẹni tó ń tà á kí ẹ jọ gbé e dé ilé rẹ, kí o fi ẹ̀yìn wọlé lójú rẹ̀, kí ìyàwó rẹ dúró níwájú kó máa wo ìsàlẹ̀. Bí ó bá ha ilẹ̀, ẹ gbìyànjú láti fẹ̀gbẹ́ gùn ún. Bí ó bá ṣì ń ha, padà lọ dán 911 wò bẹ́ẹ̀ náà, má sì bínú.

Lọ́jọ́ tí o bá lọ wò ó, dé ibẹ̀ ṣáájú àkókò, kí o fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kó tutù. Ẹni tó ti mú un gbóná dè ọ́, ohun kan wà tí kò fẹ́ kí o gbọ́. Wo ara táyà, wàá rí nọ́ńbà mẹ́rin níparí àwọn lẹ́tà DOT: 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Mo ti rí ọkọ̀ olówó ńlá tí táyà rẹ̀ dán, tó jinlẹ̀, tó sì ti pé ọdún mọ́kànlá; irú rẹ̀ ló ń pa èèyàn nínú òjò. Fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà yẹ ìtàn MOT rẹ̀, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí o ka máìlì rẹ̀ lọ́dọọdún. Ọkọ̀ tó rin 300 máìlì lọ́dún kan kò dára tó èyí tó ń rin 4,000, ohunkóhun tí wọn ì báà sọ fún ọ. Kí o sì sanwó fún mẹkáníìkì tí kò mọ ẹni tó ń tà á rí, kó gbé e sókè, kó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Má ṣe bíi tèmi.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Houston ni mo wà. Mo rí Acura NSX ti ọdún 1991, jíà ọwọ́, ó sì wù mí gidigidi. Wọ́n ní sítíárì rẹ̀ kò ní pawà, pé obìnrin kò lè yí i. Ṣé òótọ́ ni?
T., Houston

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má dá wọn lóhùn. Ní ibi tí o bá ti ń páàkì nìkan ni sítíárì yẹn ti máa ń le. Bí táyà bá ti yí lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó ti rọ̀. Ohun tí o máa rí gbà níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó wà lójú títì ni yóò sọ fún ọ ní àtẹ́lẹwọ́. Alumíníọ̀mù ni gbogbo ara ọkọ̀ náà, nítorí náà má rà á bí wọ́n bá ti gbá a rí, torí kì í ṣe gbogbo panẹbítà ló lè tún un ṣe. Béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì àti ẹ̀rọ omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo nọ́ńbà tó wà lára jíà. Bí ó bá bọ́ sáàárín J4-1003542 àti J4-1005978, òrùka irin kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń kán, tó sì lè ba odindi jíà jẹ́. Bí wọ́n bá ti ṣe é, kí wọ́n fi rìsíìtì hàn ọ́. Bí wọn ò bá tíì ṣe é, yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí wọ́n pè, kí o tó gbé e lọ sílé.